Ọ̀rọ̀ Ìpamọ́ Tí Olè Kò Lè Mọ̀, Tí Olóhun Kò Sì Ní Gbàgbé

Nínú àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ àgbà gbọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko, ìyàn náà sì le débi pé wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú máa pa ìyá rẹ̀ jẹ. Ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìyá tirẹ̀ lọ fi pamọ́ sí òde ọ̀run. Bí ebi bá ti ń pa á, yóò lọ sí ibi tí ó dá, yóò kọ orin kan, ìyá rẹ̀ yóò sì sọ okùn sílẹ̀ fún un kí ó lè gòkè lọ jẹun. Ara gbogbo ẹranko ń joro, ara Ajá ń dán. Ìjàpá wádìí títí ó fi mọ ìdí rẹ̀, ó gbọ́ orin náà, ó sì kọ́ ọ sórí. Ní ọjọ́ kan ó dá lọ, ó kọ orin náà gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ, okùn sì sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ó ti gun okùn dé agbede méjì kí Ajá tó dé, tí ó figbe ta pé kí ìyá òun gé okùn náà, nítorí pé àlejò ni ó wà lórí rẹ̀.

Orin Ajá ni ohun tí ayé òde òní ń pè ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń hàn pé òun gan-an ni olóhun, kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún un. Orin náà dára ní ọ̀nà kan, nítorí Ajá kò gbàgbé rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n gbangba ni ó ti ń kọ ọ́, orin kan náà sì ni lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kì í bojú wolẹ̀ kí ó tó sọ okùn. Ohun tí ó gba ìyá náà là kì í ṣe orin rárá. Ẹ̀rí kejì ni, ìyẹn ohùn ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kejì yìí yóò tún jẹyọ níwájú.

OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ILẸ̀KÙN

Nígbà kan, inú àpótí onírin ni owó ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná tàbí ní Port Harcourt máa ń wà, akápò a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ibi tí òun nìkan mọ̀. Lónìí, orí fóònù ni owó oṣooṣù ń gbà wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wà nínú ímeèlì akọ̀wé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìkéde òkú àti ìkéde ìkómọ sì ń lọ lórí WhatsApp. Àpótí náà ti di ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Olè tí ó bá fẹ́ jí owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò láti fọ́ báńkì. Bí ó bá rí WhatsApp alága gbà, ó ti tó. Yóò kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ kùtùkùtù pé ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìwòsàn, pé àwọn dókítà ń dúró de owó, pé kí wọ́n fi ohun tí ó bá wà lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan báyìí, ẹgbẹ́ yóò sì dá a padà ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ta ni yóò pe Bàbá Alága láti béèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Ojú ń tì wọ́n. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún àgbà ni olè náà fi ṣe ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Kí alága tòótọ́ tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ti sanwó, owó náà sì ti kúrò nínú àkáǹtì tí wọ́n san án sí.

Àdánù owó kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí irú èyí bá dé bá yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá olè ni lóòótọ́ tàbí alága ni ó dọ́gbọ́n, ẹni tí kò jẹ̀bi kò sì ní ẹ̀rí tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí kò lágbára lè tú ẹgbẹ́ tí ogún ọdún kò tú ká.

BÍ OLÈ ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ó méfò. Orúkọ àkọ́bí, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìlú, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ìyàwó pẹ̀lú ọdún ìgbéyàwó: gbogbo ìwọ̀nyí ni ojúlùmọ̀ mọ̀, èyí tí ojúlùmọ̀ kò bá sì mọ̀, Facebook yóò sọ ọ́. Ẹgbẹ́ tí ó kọ ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀ sára aṣọ àti sára kàlẹ́ńdà, tí ó sì tún fi ọdún náà ṣe ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ímeèlì rẹ̀, ti gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ. Ní ọdún 2009, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú àkójọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ RockYou, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 32, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ṣe tẹ̀ wọ́n gan-an ni ilé iṣẹ́ náà ṣe kọ wọ́n sílẹ̀, kò yí wọn padà sí àmì tí ẹlòmíràn kò lè kà. Èyí tí àwọn ènìyàn lò jù nínú gbogbo wọn ni 123456. Láti ìgbà náà ni àkójọ yẹn ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, a sì ti fi ọ̀pọ̀ mìíràn kún un. Olè òde òní kì í jókòó máa ro ohun tí ẹnì kan lè lò. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dán gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti lò rí wò. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a lo ọ̀rọ̀ kan náà ní ibi méjì. Bí wọ́n bá jí i ní ibi tí a ti ń ra aṣọ, wọn yóò gbé e lọ dán wò ní ibi tí owó wà.

Ọ̀nà kẹta ni ó rọrùn jù fún olè, òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn ti dé bá. Yóò béèrè, wọn yóò sì fún un. Yóò pe fóònù, yóò ní òṣìṣẹ́ báńkì ni òun, yóò pe orúkọ ẹni náà láìṣì, yóò ní BVN rẹ̀ ní ìṣòro, pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ náà, bí ó ti wù kí ó le tó, tí ó lè gba ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún olè sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kì í béèrè rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN TÍ ẸNI TÍ Ó KỌ Ọ́ KÁBÀÁMỌ̀ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lórí kọ̀ǹpútà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Fernando Corbató àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú un lò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò nígbà náà, oníkálukú sì fẹ́ kí iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ láàárín ojúgbà ni gbogbo ayé wá ń fi ṣọ́ owó.

Ní ọdún 2003, òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Bill Burr ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí òṣùwọ̀n, kọ ìtọ́sọ́nà kan lórí ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Láti inú rẹ̀ ni àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ti tàn ká: kí a po lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì pọ̀, kí a sì máa yí ọ̀rọ̀ náà padà lóòrèkóòrè. Báńkì gbà á, ilé ẹ̀kọ́ gbà á, ilé iṣẹ́ ìjọba gbà á. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí Burr ti fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Ní ọdún kan náà, NIST gbé ìtọ́sọ́nà tuntun jáde tí ó fi gígùn ṣáájú ìdíjúpọ̀, tí ó sì ní kí a má fi ipá mú ènìyàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà àfi bí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó ba ìmọ̀ràn àtijọ́ náà jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹnà rí. Bí àwọn ọmọdé bá ń fi ìró kan há àárín ọ̀rọ̀ kí àwọn mìíràn má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ìgbà tí wọ́n bá nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń há a ni ó tó pa àṣírí mọ́. Ẹnà tí gbogbo àdúgbò gbọ́ kì í ṣe ẹnà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tí ó kọ @ dípò a, tí ó kọ 0 dípò o, tí ó sì fi 1 parí rẹ̀: olè ti mọ ẹnà yẹn, ó ti kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá sì ní kí ó yí i padà, ó sọ 1 di 2. Olóhun ni ó ń ni lára, kò ni olè lára.

GÍGÙN NI AGBÁRA

Ọ̀rọ̀ tí ó ní lẹ́tà kékeré mẹ́jọ, láti inú lẹ́tà 26 tí ó wà lórí fóònù, lè gba ọ̀nà 208,827,064,576. Iye yìí tóbi lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tóbi lójú ẹ̀rọ. Bí olè bá ti jí àkójọ ilé iṣẹ́ kan, tí ó gbé e lọ sílé rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dá a dúró, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè dán bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí yóò fi dán gbogbo rẹ̀ tán. Àmì kan tàbí méjì tí a bá fi kún un yóò pẹ́ ẹ díẹ̀, kò ní pẹ́ ẹ púpọ̀. Ohun tí ń pẹ́ ẹ ni kí ọ̀rọ̀ náà gùn, kí ó sì jẹ́ ohun tí kò sí ẹni tí ó lè ro ó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1995, ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Reinhold, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ó pè ní Diceware. Ó kọ ọ̀rọ̀ 7,776 sílẹ̀, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì ní kí ènìyàn máa ta ayò onígun mẹ́fà láti mọ èyí tí yóò lò. Ọgbọ́n náà kò gba owó, kò sì gba ìwé gíga. Igbá kan àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kan ti tó láti ṣe é nílé.

Kí ènìyàn gé bébà kéékèèké mẹ́wàá, kí ó kọ nọ́ńbà láti 0 títí dé 9 sára wọn, kí ó dà wọ́n sínú igbá, kí ó sì dijú yọ ọ̀kan. Kí ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ó dá bébà rẹ̀ padà, kí ó gbo igbá náà pọ̀, kí ó tún yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ ni ojú ewé, ẹ̀ẹ̀mejì tí ó tẹ̀lé e ni iye ọ̀rọ̀ tí yóò kà láti òkè ojú ewé náà wá sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kọjá ibi tí ìwé dé, kí ó tún un yọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bọ́ sí ni kí ó mú, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi di márùn-ún.

Ìwé tí ó ní ojú ewé 200, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ 30, ní ọ̀rọ̀ 6,000. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a yọ láti inú rẹ̀ lè gba ọ̀nà 7,776,000,000,000,000,000. Ẹ̀rọ tí ó parí iṣẹ́ àkọ́kọ́ kí omi ẹ̀bà tó hó yóò lo ohun tí ó ju 240 ọdún lọ kí ó tó dán èyí tán.

Igbá ni ó gbọ́dọ̀ yàn, kì í ṣe olóhun. Ọkàn ènìyàn kì í rìn jìnnà sílé. Bí a bá ní kí ogún ènìyàn mú ọ̀rọ̀ márùn-ún láti inú orí wọn, owó, ọmọ, ìfẹ́, ayọ̀ àti orúkọ Ọlọ́run yóò pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, olè náà sì mọ ohun tí ọmọ aráyé fẹ́.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ọ̀nà Reinhold, tí ó sì kan Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ibi ni kò tilẹ̀ ní gbà á nínú ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Bí àmì bá sì ti kúrò, oko tí a ń ro, ọkọ tí a fẹ́, ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí oko náà yóò di oko kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di ẹyọ kan, iye tí ẹ̀rọ yóò dán wò sì ti dín kù. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: bí igbá bá mú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó ní sílébù méjì péré, kí a tún un yọ, tàbí kí a fi ọ̀rọ̀ kẹfà kún un. Kí a sì pinnu lẹ́ẹ̀kan bóyá s tàbí sh ni a ó máa fi kọ ṣ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àkáǹtì ara wọn lórí lẹ́tà kan yìí.

BÍ A ṢE Ń RÁNTÍ RẸ̀

Ká ní ohun tí igbá mú ni ìrùkẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́, àkàsọ̀, ṣòkòtò àti ẹ̀fọ́rí. Wọn kò bá ara wọn tan, ohun tí ó sì mú wọn dára nìyẹn. Iṣẹ́ olóhun ni láti dá ìbátan sílẹ̀ láàárín wọn nínú ọkàn ara rẹ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ó gun àkàsọ̀ kí gbogbo ìlú lè rí i. Ṣòkòtò rẹ̀ há, ó já sílẹ̀, ẹ̀fọ́rí sì ni ó gbé délé. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀kẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan lójú inú kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀, bí àwòrán náà bá sì ti panilẹ́rìn-ín tó ni yóò ti pẹ́ lọ́kàn tó. Ohun tí yóò tẹ̀ sórí fóònù ni irukere-okere-akaso-sokoto-efori. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fi dandan béèrè lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà, kí ó sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá, kí ó sì fi nọ́ńbà kan sí ìparí. Agbára rẹ̀ kò sí lára ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ni ìyẹn wà fún. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lo ti ọ̀kẹ́rẹ́ yìí gan-an, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ka ìwé yìí ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ọwọ́ a máa kọ́ ọ ju orí lọ.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó dé tí wọn kò fi lè lo òwe tàbí oríkì, nígbà tí ó jẹ́ pé ó gùn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí a bá ti gbọ́ apá kìíní òwe, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò parí rẹ̀; ẹwà òwe nìyẹn, òun náà sì ni àbùkù rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó wà nínú òwe kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójú olè. Ẹyọ kan ni, nítorí pé a ti kọ òwe Yorùbá jọ sínú ìwé àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oríkì burú ju òwe lọ níbi tí ó kan ojúlùmọ̀: gbogbo ẹbí ni ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti fi kí ènìyàn ní gbangba ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì àti ti Kùránì kò yàtọ̀. Ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kà papọ̀ lókè kò lè jẹ́ àṣírí ẹnì kan.

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN TI BÁŃKÌ

PIN ti báńkì kò lè gùn. Nọ́ńbà mẹ́rin kò ju ọ̀nà 10,000 lọ, ohun tí ó sì ń gbà á sílẹ̀ ni pé báńkì a máa ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn àṣìṣe díẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tí a lè méfò fi léwu níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ: olè tí ó ní àǹfààní mẹ́ta yóò fi í sí ibi tí ó dára jù. Ọdún ìbí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19 kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọjọ́ àti oṣù ìbí kò ju 366. 1234, 0000 àti 1960 tí í ṣe ọdún òmìnira kò tilẹ̀ yẹ fún àpótí súgà. Kí igbá kan náà yọ nọ́ńbà mẹ́rin, kí olóhun sì wá ìtàn kékeré so mọ́ wọn.

Síìmù pàápàá ní PIN tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lò rí. Bí olè bá jí fóònù tí a ti tì pa, yóò yọ síìmù rẹ̀, yóò fi í sínú fóònù tirẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ yóò sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Síìmù tí ó ní PIN yóò kọ̀ fún un. Bí ó bá ṣi í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù náà yóò béèrè PUK tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé láti ṣe é.

KỌ́KỌ́RỌ́ ẸGBẸ́

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àfowópamọ́ a máa lo àpótí tí ó ní àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mẹ́ta a sì wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Ọgbọ́n yìí kò gbọ́dọ̀ kú nítorí pé àpótí ti di fóònù. Àkáǹtì báńkì ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní olùbuwọ́lùwé tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí oníkálukú wọn sì ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá wà tí ènìyàn mẹ́rin jọ mọ̀, bí owó bá sọnù, kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tí ó wọlé.

Lórí WhatsApp, ẹ̀rí kejì tí ó gba ìyá Ajá là wà ní abala Settings, lábẹ́ Account. Nọ́ńbà mẹ́fà ni olóhun yóò fi síbẹ̀, láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò ní lè wọlé. Alága, akọ̀wé àti akápò ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ímeèlì pẹ̀lú ní tirẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwé àtúntò ọ̀rọ̀ ìpamọ́ gbogbo ibi yòókù ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá ní ímeèlì ní gbogbo rẹ̀.

Kò sí orí tí ó lè gba ogún ọ̀rọ̀ gígùn, kò sì yẹ kí a ṣe bí ẹni pé ó lè gbà á. Kí ènìyàn há mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí: ti fóònù, ti ímeèlì, ti báńkì. Ètò kọ̀ǹpútà wà tí ń pa ìyókù mọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, irú bíi Bitwarden àti KeePass. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè kọ wọ́n sínú ìwé kí ó sì tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà kan a máa fi ìwé kíkọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n olè tí ó jókòó sí ìlú mìíràn kò lè na ọwọ́ dé inú àpótí ìyá àgbà. Ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ni ẹ̀yìn káàdì báńkì, ara ògiri ọ́fíìsì àti ojú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́.

Òfin pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀ sí i. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì fi ojúṣe lé ẹni tí ó bá ń tọ́jú dátà àwọn ènìyàn lọ́wọ́: kí ó dáàbò bò ó, bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀nà tí ó lè pa àwọn olóhun lára, kí ó fi tó àjọ tí ń ṣàmójútó rẹ̀ létí láàárín wákàtí 72. Akọ̀wé tí ó ní NIN ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ nínú fóònù rẹ̀ kì í ṣe akọ̀wé lásán mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀ jù ni ọjọ́ tí a bá yan àwọn olóyè tuntun. Wọ́n á gba ìwé, wọ́n á gba òǹtẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, akọ̀wé àná á sì kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ímeèlì sínú bébà fún akọ̀wé tuntun. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù tí ímeèlì náà fi ń dá olóhun mọ̀ bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ti akọ̀wé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Bóyá ẹni náà ti kú. Bóyá kò lo síìmù náà mọ́, ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sì ti tà á fún ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́ náà rí. Nítorí náà, kí akọ̀wé tuntun yọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti inú igbá ní ọjọ́ yẹn gan-an, kí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́, kí akọ̀wé àná jáde kúrò nínú ímeèlì náà lórí fóònù rẹ̀ níṣojú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé wọ́n ti ṣe é.

Fún ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ mú igbá kan, bébà mẹ́wàá àti ìwé atúmọ̀ èdè kan wá. Kí ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìyókù sì dá ìtàn sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kí àwọn àgbà tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò lè há nǹkan sórí mọ́ ni ó kọ́kọ́ pa ìtàn náà. Nígbà tí ìpàdé bá fẹ́ parí, lẹ́yìn owó oṣù àti ọ̀rọ̀ mìíràn, kí a béèrè ọ̀rọ̀ márààrún náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níbẹ̀. Ti ìpàdé jẹ́ fún ìdánrawò nìkan: ilé ni oníkálukú yóò ti yọ tirẹ̀, kí wọ́n sì ya bébà ti ìpàdé kí wọ́n tó túká.